Òkè-Àdó ni Gáídáńsì Ti Bẹ̀rẹ̀, Kì í Ṣe Ayétòrò

Bí ẹ bá bi àwọn tíṣà girama léèrè ibi tí iṣẹ́ gáídáńsì, ìyẹn títọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí iṣẹ́ àti ìwà, ti wọ ilé-ìwé wa, ìdáhùn mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹnìkan á ní ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀. Ẹlòmíì á dárúkọ Frank Parsons, ará Amẹ́ríkà tó ṣí ọ́fíìsì ìtọ́sọ́nà iṣẹ́ sí Boston lọ́dún 1908. Ẹni kẹta, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ Yewa, á ní Comprehensive High School Ayétòrò ni. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, n ò sì ní fi bò: Òkè-Àdó ni. Àmọ́ ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn, torí ohun tí wọ́n ṣe ní Òkè-Àdó, àtúnṣe nǹkan tó ti bàjẹ́ ni.

Kí ìwé tó dé, ọmọ Yorùbá kì í dàgbà tán kó tó máa wá ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ tí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ifá. Àkọsẹ̀jayé ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ń pè é ní ìkọsẹ̀wáyé, àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ńtáyé. Ẹsẹ̀ ló wà nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ tí ọmọ kọ́kọ́ fi tẹ ilẹ̀ ayé. Babaláwo á sọ èèwọ̀ ọmọ náà, á sọ ohun tí àwọn òbí ní láti ṣọ́ra fún, á sì sọ iṣẹ́ tí yóò bá orí rẹ̀ mu. Ẹ lè pè mí ní kèfèrí, ṣùgbọ́n lójú tèmi gáídáńsì nìyẹn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́ jókòó ti àwọn òbí, ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sọ. Kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé wo ló ráyè bẹ́ẹ̀ lónìí?

Orúkọ pàápàá ń bá wọn ṣe é. Àyánwálé, ìlù ń dúró dè é. Ọ̀jẹ́wálé, ẹ̀kú ti wà nílé. Ọdẹ́wálé ò ní láti ronú lórí ibi tí òun ń lọ. Mo máa ń rò ó pé bóyá ìdí nìyí tí èdè wa kò fi ní ọ̀rọ̀ ìgbàanì kan pàtó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì kó máa tọ́ ọmọ sọ́nà. Ta ni yóò nílò rẹ̀? Ohun tí a ní ni ìmọ̀ràn: mọ̀, ọ̀ràn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ nímọ̀ràn ní láti kọ́kọ́ mọ ọ̀ràn tó wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí a yá wá dí àlàfo yìí sì ti kó wa sí wàhálà, torí a ti fi kánsẹ́lọ̀ pe ti ìjọba ìbílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sọ létí ìyá kan pé o fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ bá kánsẹ́lọ̀, á bi ọ́ léèrè ohun tó kan ọmọdé pẹ̀lú gọ́tà àdúgbò.

Ti ìwà àti ti ọkàn náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Nínú agbo ilé, kì í ṣe ẹnìkan náà ló ni ọwọ́ méjèèjì. Bàbá á nà, ìyá àgbà á wá gba ọmọ sílẹ̀, á nu ojú rẹ̀, tó bá di alẹ́ á pa á ní àlọ́ ìjàpá kan tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀sán yẹn gan-an ló wà nínú rẹ̀. Mo gbà pé ọwọ́ òsì yìí ni àwọn míṣọ́nnárì kò bá wa gbé wọ kíláàsì. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tíṣà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, wọ́n kó ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí Èkó ní 1867, kó tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tó ti di St. Andrew's College. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ṣí Wesley College sí Ìbàdàn ní 1905. Tíṣà tó bá jáde níbẹ̀ mọ ìṣirò, ó mọ Bíbélì, ó mọ orin, ó sì mọ pàṣán lò. Bí ọmọ bá wá ń dá sunkún lẹ́yìn kíláàsì ńkọ́? Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú wọn ṣe bí ìyá àgbà, torí ilé tí wọ́n ti bí wọn náà nìyẹn. Àmọ́ inú ara wọn ni wọ́n ti mú un jáde.

Ní January 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé ohun tó lé ní 811,000. Àyánwálé ti di akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ìlù lọ́fíìsì. Òmìnira ń bọ̀, àwọn òyìnbó ń palẹ̀ mọ́, àga ń ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò mọ èyí tó yẹ kí wọ́n jókòó lé.

Òun ni àwọn Sístà Kátólíìkì rí ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, lọ́dún 1959. Ọgọ́ta ọmọbìnrin ló wà ní kíláàsì àṣekágbá. Àwọn Sístà pe bí ogún ènìyàn tó mọṣẹ́ wọn dunjú, lọ́yà, dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti àwọn mìíràn, kí wọ́n wá jókòó ti àwọn ọmọ náà, kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí àti ọ̀nà tí èèyàn ń gbà débẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, mẹ́rìnléláàádọ́ta nínú ọgọ́ta ló ríṣẹ́. Àkọsẹ̀jayé ti padà dé, ó kàn wọ aṣọ Sístà ni.

Ìròyìn yẹn tàn káàkiri ìlú. Nígbà tó fi máa di 1961, àwọn tíṣà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì bí ti gbogbo Nàìjíríà ní 1967. Ẹ kíyè sí i pé tíṣà ni wọ́n. Ìṣirò tàbí ìtàn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ, wọ́n wá gbé èyí lé e. Ní ti Ayétòrò, ọdún 1963 ni ilé-ìwé yẹn ṣí, pẹ̀lú owó Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard. Ilé-ìwé gidi ni, n ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n 1959 ṣáájú 1963. Parsons ò sì gbọ́ orúkọ Òkè-Àdó rí títí ó fi kú.

Ibi kan wà tí mo ní láti fún àwọn Ẹ̀gbá ní tiwọn. Iṣẹ́ ni Òkè-Àdó bójú tó. Arò ló bójú tó orí. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, tó ń fi àwọn mìíràn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Ibẹ̀ ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: orí ń gbóná, ó ń ṣe bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ò gba ìwé mọ́. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ń pè é ní brain fag, ìyẹn ọpọlọ tó ti rẹ̀, orúkọ yẹn ni Prince sì fi kọ ọ́ jáde lọ́dún 1960. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Èmi rò pé ó rọrùn láti mọ ohun tó wà lórí wọn: gbogbo ẹbí ti dáwó, wọ́n ti ta kòkó, ọmọ kan ṣoṣo ló sì gbé gbogbo rẹ̀ rù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ta ni ì bá kọ́kọ́ rí i? Tíṣà ni, ó sì lè pè é ní ọ̀lẹ.

Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di Ọ̀gá Àgbà ibẹ̀ ní 1968, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kúkú ka òun náà mọ́ tiwa. Yunifásítì yìí kan náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1976. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ so Òkè-Àdó àti Arò pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Ó ní nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò mọ̀ nípa iṣẹ́, àti nítorí pé ìwà àwọn ọmọ iléèwé kan ò gún, àwọn kánsẹ́lọ̀ yóò wà ní ilé-ìwé girama. Bí wọn ò sì ṣe pọ̀, ìjọba yóò máa kọ́ àwọn tíṣà tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i. Ohun tí àwọn kan ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí àwọn ọmọ Òkè-Àdó ti fi ọdún méjìdínlógún wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé ní 1982. Yunifásítì Ìbàdàn ṣí ibùdó ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní 2011 pẹ̀lú owó MacArthur Foundation. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun gba ìbuwọ́lù ní January 2023.

Nígbà tí èmi wà ní girama, ọ́fíìsì gáídáńsì ni wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù sí. Tíṣà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kọ́ wa ní Economics. Èèyàn dáadáa ni. Bí àsìkò fọ́ọ̀mù JAMB bá tó, a ó tò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á máa sọ fún wa ohun tó yẹ ká kọ. N ò rántí ọmọ kankan tó mú ẹkún wọbẹ̀.