Kòkó Gbówó Lórí, Ta Ló Wá Lówó?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà New York. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè ìdí tí ilé kan fi rí já jẹ, tí ilé kejì lábà kan náà ṣì wà nínú gbèsè.

Ṣé ìjọba ló ń dá iye lé kòkó wa?

Rárá. Láti 1986 tí wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ló ń dúnàá-dúrà.

Kí ló wá dé tí owó náà kò kárí?

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ni igi. Láwọn abà Ifẹ̀tẹ̀dó àti Gáréèjì Ọlọ́dẹ, ẹni tó ń ṣánko lè má ni oko. Ẹni tó dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó ń bá olóko tọ́jú oko ń pín kòkó pẹ̀lú rẹ̀. Alágbàro gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó parí.

Gbèsè ló tún kàn, òun ló sì ń dùn mí jù. Nígbà òjò, kòkó kò tíì pọ́n, àmọ́ owó iléèwé àti oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó kò ní dúró. Àgbẹ̀ á gbowó sílẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà, wọ́n á ti fi iye sí kòkó tí wọn kò tíì ká. Bí ọjà bá fò sókè lẹ́yìn náà, alágbàtà ló jèrè. Ẹlòmíràn ti fi oko dógò pátápátá: ẹni tó yá a lówó ni yóò máa ká kòkó títí gbèsè yóò fi tán.

Oko bàbá wa ńkọ́?

Bí bàbá bá ní ìyàwó mẹ́ta, tí wọ́n sì pín in ní ìdí-igi, oko di mẹ́ta. Igi ibẹ̀ sì ti lè darúgbó, kí èso rẹ̀ máa dín kù. Ilé tí ọmọ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ tàbí tó ń gbowó oṣù ni kì í wojú kòkó nìkan.

Wọ́n ń wa wúrà nítòsí Iléṣà, wọ́n sì fẹ́ gba oko mi. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má kánjú. Òfin ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni wúrà inú ilẹ̀, àmọ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-máà-bínú lórí igi yín tí wọ́n bá bà jẹ́. Ẹ pe ẹbí jọ, kí agbẹjọ́rò ka ìwé àdéhùn tí wọ́n bá gbé wá kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kòkó tuntun máa ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, ilẹ̀ tí wọ́n sì ti gbẹ́ di kòtò kò ní gbà á.

Bí iye bá tún já ńkọ́?

Ẹ ya owó oògùn àti owó iléèwé sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ta kòkó. Bí ẹ bá máa yáwó, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló yá yín.