Ohun tí ara ń fẹ́ tún ṣe lọ́la

Ìyá kan wá bá mi níbi iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, orúnkún ọ̀tún wọn wú. Ọṣẹ, ìṣáná àti tòmátì inú agolo ni wọ́n ń tà lọ́jà Wàndó, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń jókòó sí. Mo yẹ orúnkún náà wò, mo rí i pé kò sí ohun tó burú jù níbẹ̀, mo wá ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Dókítà, ọmọ mi, ṣé kí n kàn máa rìn kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù? Kí ni mo fẹ́ máa wá?"

Ìbéèrè náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Kiné ni mí, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan tó ń dun ènìyàn, n kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ẹni tí kò mọ̀ pé eré ìdárayá dára. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn kò ní ni nǹkan tí wọ́n máa wá lọ sójú ọ̀nà.

Mo kọ́kọ́ ṣàlàyé orúnkún fún ìyá náà, n ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Níbi tí eegun itan ti pàdé eegun ojúgun, nǹkan rírọ̀ kan wà tó bo orí eegun méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan kò wọ inú rẹ̀. Bí kànìnkànìn ni ó ṣe ń jẹun: bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, a fún omi àtijọ́ jáde, bí ẹ bá gbé e, omi tuntun a wọlé pẹ̀lú oúnjẹ. Orúnkún tó jókòó látàárọ̀ dà bí kànìnkànìn tí ẹnikẹ́ni kò fún. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun náà níṣẹ́ tirẹ̀, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè lọ sí ọkàn nígbà tí a bá ń rìn, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó pẹ́ fi máa ń wú. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ a sì máa fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kódà lára ẹni tí insulin rẹ̀, èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí àwa níbí ń pè ní OMS, sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré tó mú èémí yára díẹ̀. Ìyẹn ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó kéré tán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé iye yẹn lé ẹni tí kò ní ìdí kankan láti dìde, ẹrù la gbé lé e.

Mo mọ ẹrù náà nítorí mo ti rù ú rí. Kétu ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi fẹ́ kí n jókòó sórí àga lábẹ́ fáànù, mo sì kọ́ ìṣirò owó, mo rí iṣẹ́ ní Kútọnu. Nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà ni láti Àjàṣẹ́, mo ń wọ takisí lọ, mo ń wọ takisí bọ̀. Owó ń wọlé lópin oṣù, n kò ní sọ pé kò wọlé. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sunday, inú mi á ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Dókítà kan ní kí n máa sáré, mo bá ń jí ní ìdájí lọ sí pápá ìṣeré Charles de Gaulle, mo ń ka iye ìgbà tí mo yí i po, mo ń wo aago ọwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Kò pẹ́ sígbà náà tí a ṣe òkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kétu, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì jáde. Láti kékeré ni mo ti ń jó o. Wọ́n so irin mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n gbé aṣọ lé mi lára, mo wọ agbo. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ijó ọ̀lẹ: ohun tí ìyá ìlù bá sọ ni irin ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ, bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo agbo ti gbọ́. Mo làágùn gan-an, ju bí mo ṣe ń làágùn ní pápá lọ. Ọjọ́ kejì, gbogbo ara ń ro mí, síbẹ̀ mo ń wá ibi tí wọ́n á tún ti lu ìlù.

Ọkàn lù kìkì ní pápá, ó lù kìkì ní Kétu. Kí ló wá yàtọ̀?

Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ láti dáhùn ni Edward Deci, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1971 ó tẹ èsì ìdánwò kan jáde. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré ọpọlọ kan, igi kéékèèké tí wọ́n máa tò pọ̀ di oríṣiríṣi ìrísí. Ó sanwó fún apá kan wọn lẹ́ẹ̀kan, kò san fún apá kejì. Nígbà tí owó dúró, tí ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n, àwọn tó ti gba owó kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan igi náà mọ́ bíi tàwọn tí kò gbà. Owó ti sọ eré di iṣẹ́ ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, òun àti Richard Ryan fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tó ń mú ènìyàn máa bá nǹkan lọ láìsí pàṣán. Wọ́n rí mẹ́ta: kí ó jẹ́ pé ìfẹ́ inú mi ni mo fi ń ṣe é; kí n rí i pé ọwọ́ mi ń mọ́ ọn sí i; kí n wà láàrin ènìyàn tí mo jẹ́ tiwọn.

Ẹ wá wo agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi wọlé. Ẹsẹ̀ mi ń bá ìlù mu ju ti ọdún tó kọjá lọ. Àwọn ìyá tó tọ́ mi dàgbà wà níbẹ̀, wọ́n ń pe oríkì mi. Ní pápá, dókítà ló rán mi, iye ìyípo nìkan ni mo ń rí, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Èdè wa ti sọ ọ́ kí àwọn olùwádìí tó dé: eré ni, ohun tó ń dá ara yá. A kì í sọ pé ara ẹni yá nígbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́.

Nítorí náà, mo máa ń bi àwọn tó wá sọ́dọ̀ mi pé: kí ni ẹ ń ṣe ní kékeré tí ìyá yín fi ń pè yín wálé títí tí ẹ kò dáhùn? Ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun máa ń gun àwọn òkè olókùúta ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àjàṣẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí àpáta níbí, mo sì rí ìdí tí ó fi ń sọ pé ìrìn títẹ́jú ń sú òun. Àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn díje.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fi agbára ọdún mẹ́ta ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìwádìí lórí bí ó ṣe ń rí lára ènìyàn nígbà eré fi hàn pé bí eré bá ti kọjá ibi tí èémí kò ti ká a mọ́, ìgbádùn a já wálẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ibẹ̀ ló dára. Bí ọ̀rọ̀ kò bá jáde mọ́, ẹ rọra. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dá a dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì dá ara yín lẹ́jọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta bí mo ṣe dá ara mi. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tọpa ènìyàn 96 tó ń kọ́ àṣà tuntun, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2010: nǹkan bí ọjọ́ 66 ni ó ń gbà kí ó tó mọ́ni lára. Ó yá fún àwọn kan, ó gùn fún àwọn mìíràn.

Láti Kétu ni mo ti padà wá wo ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta kan náà. Ta ló rán mi síbẹ̀? Bàbá mi. Ṣé ọwọ́ mi ń mọ́ ọn sí i? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn sí i. Ṣé mo mọ ẹni tí iṣẹ́ mi ń ṣe láǹfààní? N kò mọ ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ kiné nítorí ẹ̀yìn mi, mo jókòó níta, mo ń wo bàbá àgbà kan tó ń kọ́ bí a ṣe ń dìde lórí àga. Ó dìde lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ kiné kò sì kàn án. Mo gbàgbé pé ẹ̀yìn ń dùn mí.

Mo padà sílé ẹ̀kọ́. Ìyàwó mi tó ń ránṣọ ló gbé ilé ró, n kò sì ní í sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọkàn mi nìkan ló ṣe é. Bàbá mi ní mo fi àga sílẹ̀ lọ ń fa ẹsẹ̀ ènìyàn. Fún ìdí yìí, mo kórìíra ìmọ̀ràn tó ń sọ fún ẹni tó lọ́mọ mẹ́rin pé kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la kí ó tẹ̀lé ọkàn rẹ̀. Amy Wrzesniewski, olùwádìí ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1997 pé lórí iṣẹ́ kan náà, àwọn kan ń wá owó nìkan, àwọn kan ń wá ipò, àwọn kan rí i bí ohun tí a torí rẹ̀ dá wọn sáyé. Láàrin akọ̀wé ọ́fíìsì 24 tí wọ́n wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí mẹ́ta dọ́gba. Kì í ṣe gbogbo wa ló ní láti kúrò. Nígbà mìíràn, igun kan nínú iṣẹ́ náà ni a ó fẹ̀.

Iṣẹ́ pàápàá lè gbé eré pamọ́ sínú. Ní ọdún 1953, Jeremy Morris, dókítà tó ń ṣèwádìí ìlera, fi hàn pé àìsàn ọkàn kéré lára àwọn tó ń gba owó nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ bọ̀, ju ti awakọ̀ tó jókòó lọ. Bọ́ọ̀sì kan náà! Mo máa ń sọ èyí fún àwọn oní-zémidjan tó wá bá mi, pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù láàrin èrò méjì, kí wọ́n rìn yí i ká.

Orí èyí ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù Wàndó ti rí ewúrẹ́ tirẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló wù wọ́n nínú ọjà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn láti mọ iye tí ẹlòmíràn ń tà á. Mo ní ó dáa, kí wọ́n máa lọ bèèrè fúnra wọn, láàárọ̀ kí ọjà tó kún, ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ata ti wọ́n, pé obìnrin kan lápá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja ti bí ìbejì, pé ẹnì kan ń fi ẹ̀rú wọn ìrẹsì, àwọn sì ti bá a wí. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó ráyè bi wọ́n léèrè orúnkún.