Ilé tí a ná lẹ́ẹ̀mejì: bí àyẹ̀wò ilé ṣe ń dín owó rẹ̀ kù ní England

Ní Bódìjà, bí ìyá ẹlẹ́wà bá ti ní "ó yá, gbé e," nínáà ti parí nìyẹn. Oníbàárà tó bá dé ìdí ọkọ̀ tó wá yí padà pé òun rí kòkòrò nínú ẹ̀wà, kí ìyá bu díẹ̀ kúrò lórí owó, yóò gbọ́ èébú yó kó tó délé.

Ọjà ilé kò rí bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales. Bí olùtà bá gba iye tí olùrà pè, tí ẹ́jẹ́ǹtì sì ti gbé pátákó "Sold" síwájú ilé, kò tíì sí ohun tó de ẹnikẹ́ni. Títí di ọjọ́ tí lọ́yà méjèèjì yóò pààrọ̀ ìwé àdéhùn tí wọ́n ti buwọ́ lù, olùrà lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, olùtà náà sì lè ta ilé fún ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló máa ń wà láàárín. Oṣù mẹ́ta kò ṣàjèjì. Inú àlàfo yìí ni wọ́n ti ń yẹ ilé wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ná an lẹ́ẹ̀kejì. Scotland ní ètò tirẹ̀: láti ìparí ọdún 2008, olùtà ló ń pèsè àbọ̀ àyẹ̀wò kí ilé tó bọ́ sọ́jà, nítorí náà olùrà ti mọ àlébù ilé kó tó dárúkọ owó.

Ọ̀rọ̀ kan máa ń da àwọn èèyàn wa láàmú níbí. Létí ẹni tó ti ra ilẹ̀ ní Nàìjíríà rí, sọ́fè ni ìwé tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn, tó ní nọ́ńbà bíkìn lára. Sọ́fè ilé ti England kò bá ààlà lọ. Ara ilé ló ń wò, láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Kì í sì í ṣe àyẹ̀wò tí báǹkì ń ṣe kó tó yáni lówó. Báǹkì kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà tó owó tí òun fẹ́ kó lé e lórí ni, nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò dé ẹnu ọ̀nà. Bí báǹkì bá ní ilé kò tó iye tí wọ́n fẹnu kò sí, ìyẹn náà tó ohun tí olùrà lè fi padà lọ ná an. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ti báǹkì nìkan kò tíì yẹ nǹkan kan wò.

Àwọn sọ́fíyọ̀, ìyẹn àwọn tó ń ṣe sọ́fè ilé, tó wà lábẹ́ RICS, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1868, pín iṣẹ́ yìí sí ìpele mẹ́ta. Level 1 kò jinlẹ̀. Level 2 bá ilé tí kò gbó púpọ̀, tí wọn kò sì tún fọwọ́ kàn púpọ̀, mu. Level 3 ni ti ilé àtijọ́, tàbí èyí tí wọ́n ti fọ́ ògiri inú rẹ̀ tí wọ́n sì ti so yàrá mọ́ ọn lẹ́yìn. Níbẹ̀ ni sọ́fíyọ̀ á ti ṣàlàyé ohun tó fa àlébù kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì bá a ṣe é ládèéhùn, á fi iye tí àtúnṣe lè ná èèyàn kún un. Ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria ní Peckham tàbí Camberwell ní London ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Level 3 ló tọ́ sí i, bó tilẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ.

Nínú ìwé àbọ̀ náà, nọ́ńbà àti àwọ̀ ló ń sọ̀rọ̀: 1, tí kò ní wàhálà, jẹ́ àwọ̀ ewé; 2, tó fẹ́ àtúnṣe ṣùgbọ́n tí kò le, jẹ́ àwọ̀ ọsàn; 3, tó fẹ́ àtúnṣe tàbí ìwádìí kíákíá, jẹ́ pupa. Ara pupa yìí ni ojú olùrà tuntun máa ń lọ, ibẹ̀ sì ni ó ti ń ṣìnà. Sọ́fíyọ̀ kì í ká kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, kì í ti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, kì í sì í tú wáyà wò. Bí kò bá rí ìwé tó fi hàn pé oníṣẹ́ iná ti yẹ iná ilé wò láìpẹ́, ó lè fi 3 sí i láìjẹ́ pé wáyà kankan bàjẹ́. Ohun tí 3 yẹn ń sọ ni pé "ẹ lọ wádìí." Olùrà tó bá kàn ka pupa mẹ́fà, tó wá ní kí wọ́n yọ £20,000 kúrò, ẹ̀rín ni ẹ́jẹ́ǹtì á fi í rín.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin. Sọ́fíyọ̀ á kúnlẹ̀ ti ògiri pálọ̀, á fi ẹ̀rọ kékeré elẹ́nu abẹ́rẹ́ méjì gún un. Ẹ̀rọ á ké, nọ́ńbà á gòkè. Á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rinrin wà nísàlẹ̀ ògiri iwájú, kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Olùrà á wá pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn ògiri, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló rí olóògùn tó sọ pé ara aláìsàn le? Wọ́n á kọ £4,500: wọn á lu ihò sára ògiri, wọn á fa oògùn sí i, wọn á ha á, wọn á tún un rẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan bá jáde síta tó wo ẹsẹ̀ ògiri yẹn kan náà, ó lè rí i pé ẹni tó tún ọgbà ṣe ló kó yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ti ògiri, títí ó fi bo ìlà tí àwọn bíríkìlà fi dènà omi ilẹ̀. Ìlà yẹn yẹ kó fi mílímítà 150 ga ju ilẹ̀ ìta lọ. Ṣọ́bìrì àti iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ló kù, ògiri á sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí olùtà bá mọ èyí, tí olùrà kò mọ̀ ọ́n, £4,500 yẹn ti wó lulẹ̀, gbogbo ohun mìíràn tí olùrà bá sì sọ lẹ́yìn rẹ̀ á di àwáwí. Ìdí nìyí tó fi sàn kéèyàn sanwó fún ẹni tí kò ta oògùn kankan.

Kì í ṣe gbogbo àlébù ló ṣeé ná. Kíṣíìnì tó ti gbó, fèrèsé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ojú olùrà ló ṣe lọ́jọ́ tó wá wo ilé. Iye tó pè ti gbé ìyẹn rù. Ohun tó ń mú olùtà dúró gbọ́rọ̀ ni ohun tí ojú lásán kò lè rí: igi òrùlé tó ti jẹrà, ihò èéfín tí wọ́n gé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò láìfi irin gbé apá òkè ró, yàrá ẹ̀yìn tí kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Olùtà mọ̀ pé olùrà tó ń bọ̀ á rán sọ́fíyọ̀ tirẹ̀, ìyẹn náà á sì rí i. Ẹ́jẹ́ǹtì tó sì ti mọ̀ nípa àlébù ńlá kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún ẹlòmíì mọ́.

Kí olùrà tó kọ̀wé, ó yẹ kó pe sọ́fíyọ̀ lórí fóònù. Ohun tí wọn kò ní kọ sínú ìwé, wọ́n á máa sọ ọ́ lẹ́nu: "èyí le," "ìyẹn kò le." Lẹ́yìn náà, kí oníṣẹ́ méjì kọ iye tí wọ́n máa gbà sílẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì ni wọ́n ń fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú ojú ewé tó kàn án nínú àbọ̀, ìwé oníṣẹ́, àti iye tuntun kan ṣoṣo. Olùtà ló ń sanwó fún ẹ́jẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n òfin ní kó tètè fi gbogbo iye tí wọ́n bá pè tó olùtà létí ní kíkọ. Èsì tí olùtà tó gbọ́n máa ń fọ̀ ni pé: òrùlé ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ bá níbẹ̀, òrùlé tuntun lẹ fẹ́ kí n sanwó fún. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi máa ń já sí pé kí wọ́n pín in.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í ṣe ló kù. Ká ní ilé jẹ́ £420,000, tí olùrà fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, £42,000, tí báǹkì yá a ní £378,000. Olùtà yọ £8,000 nítorí òrùlé. Ní £412,000, báǹkì tí kì í yáni ju ìdá àádọ́rùn-ún lọ á dín tirẹ̀ kù sí £370,800. Olùrà á sì mú £41,200 wá. £800 péré ló padà sápò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé àkọ́rà rẹ̀, owó Stamp Duty, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, á tún lọ láti £6,000 sí £5,600. £1,200 lápapọ̀, òrùlé £8,000 sì ń jò lórí rẹ̀. Gbèsè ló dín, owó kò wọlé. Ẹni tó bá fi ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ láyè díẹ̀: báǹkì lè fi £365,400 tó yá a sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí kò tíì ju ìdá àádọ́rùn-ún iye tuntun lọ, gbogbo £8,000 á sì wà lọ́wọ́ olùrà. Ibì kan tún wà tí ẹ̀dínwó kékeré ti ń bí ńlá: lábẹ́ iye owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025, ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ ní £505,000 á san £15,250, ṣùgbọ́n ní £500,000 géérégé, £10,000 ni.

Nítorí ìṣirò yìí, àwọn kan máa ń ní kí olùtà tún ilé ṣe kó tó tà á. Olùtà á sì lọ wá oníṣẹ́ tó pọ́ọ́kú jù. Ó sàn kí lọ́yà di owó kan mú lẹ́yìn títà títí iṣẹ́ á fi parí, bí olùtà bá gbà. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí olùtà rọra da owó padà sọ́wọ́ olùrà kí báǹkì má mọ̀: jìbìtì ni òfin ń pè é.

Àwọn kan máa ń dákẹ́ di òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìwé kí wọ́n tó já iye ilé. Òfin kò dè é, ṣùgbọ́n olùtà tó ti di ẹrù rẹ̀ tán lè gbà pẹ̀lú ìbínú, ó sì lè lé olùrà pẹ̀lú owó sọ́fíyọ̀ àti lọ́yà tó ti ná. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí àbọ̀ dé ló yẹ kí lẹ́tà lọ, nítorí bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà, lọ́yà gbọ́dọ̀ sọ iye tuntun fún báǹkì, báǹkì á tún ìwé rẹ̀ kọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá ọjọ́ tí olùrà á gba kọ́kọ́rọ́ ilé kí ìwé yẹn tó dé.