Ọ̀dà dúdú tàbí ọ̀dà funfun: ẹ kọ́kọ́ wo ìmọ́lẹ̀ yàrá yín

Oníbàárà mi kan, màmá àgbà kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, pè mí lórí fóònù pé àwọn fẹ́ kí n bá àwọn kun ògiri kan ní pálọ̀ ní dúdú. Mo bi wọ́n pé, "Dúdú báwo, mà?" Wọ́n ní, "Dúdú náà ni, ọ̀gá pẹ́ńtà. Kó ṣáà ti dúdú dáadáa." Mo lọ ra ọ̀dà tó dúdú bí kóró iṣin, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mọ́mì ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n wọ yàrá lọ láìsọ̀rọ̀. Ìró àdìrẹ ni wọ́n gbé jáde, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé mi lọ́wọ́. "Èyí ni mò ń wí."

Mi ò lè dá mọ́mì lẹ́bi. Lẹ́nu wa, aró dúdú, ewé tó jinlẹ̀ dúdú, èédú náà dúdú. Pupa ni osùn, pupa ni bíríkì, pupa rúsúrúsú sì ni inú ẹyin. Funfun ni ẹfun, funfun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe kírímù àti àwọ̀ eérú tó mọ́ra. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba orúkọ àwọ̀ lórí fóònù mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n mú nǹkan wá: aṣọ, ewé, abọ́, ohunkóhun tó bá ti ní àwọ̀ tí wọ́n ń rò lọ́kàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún akunlé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn púpọ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, èwo ló dára jù nínú ilé, èyí tó dúdú ni tàbí èyí tó mọ́lẹ̀? Èmi kì í dáhùn títí n óò fi dé yàrá náà, kí n sì mọ aago tí ẹ̀ ń lò ó.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ògiri kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó bá gbà láti ojú fèrèsé tàbí lára gílóòbù ló ń dá padà. Lẹ́yìn káàdì àwọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ọ̀dà kan, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta, LRV, pẹ̀lú nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 100. Nọ́ńbà yẹn ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà ń dá padà nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀dà funfun sábà máa ń lé ní 80. Búlúù tó jinlẹ̀ bí aró lè má tó 10. Ẹ wá wò ó báyìí: bí ìmọ́lẹ̀ 100 bá kan ògiri oní-80, 80 ló padà. Bó bá tún kan ògiri kejì níwájú, 64 ló ṣì kù. Ní ti ògiri oní-10, 10 ló kọ́kọ́ padà, nígbà tó bá fi kan ògiri kejì, ó ti ku 1 péré. Ohun tó ń sọ yàrá di ihò nìyẹn. Kì í ṣe pé fèrèsé kéré nìkan, àwọn ògiri ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì láàárín ara wọn.

Nítorí náà, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà láàárín, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú àti ti ẹ̀yìn nìkan, ẹ má ṣe fi àwọ̀ dúdú síbẹ̀. Àtẹ̀gùn bákan náà. Mo mọ̀ pé àwọn lándìlọ́ọ̀dù fẹ́ràn láti kun ìdajì ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní búráùn nítorí ìdọ̀tí. Kò burú, ṣùgbọ́n kó má kọjá ìbàdí, kí òkè àti àjà sì funfun.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oòrùn, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn tí a ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣì wá lọ́nà jù. Ẹ ó kà á pé yàrá tó kọjú sí àríwá tutù, pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà, pé irú àwọ̀ báyìí ló yẹ ẹ́. Òótọ́ ni fún ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́hùn-ún, lọ́sàn-án gangan, apá gúúsù ni oòrùn máa ń wà láti oṣù kìíní dé ìkẹjìlá. Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Láti bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wa máa ń wà. Ní àwọn oṣù tó kù, ó padà sí gúúsù. Ó sì ga lókè tó bẹ́ẹ̀ tí àtíbàbà páànù kékeré fi lè dí i mọ́ fèrèsé. Èyí tó kàn wá jù ni ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, torí pé oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń fò bá ni nínú yàrá gbọọrọ. Fẹ́ǹsì gíga tún ńkọ́? Ilé aládùúgbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan tiyín ńkọ́? Mo ti wọ yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn tí kò rí oòrùn rí, torí ilé alájà méjì tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ojú ara yín wo yàrá náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní aago kan ọ̀sán, àti ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ kò bá lè kàwé níbẹ̀ lọ́sàn-án láìtan iná, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Níbo wá ni àwọ̀ dúdú ti wúlò? Yàrá tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta bá, tí ògiri funfun ń fi yọ ni lójú, àwọ̀ tó jinlẹ̀ máa ń tù ú lára. Yàrá ìbùsùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń sùn lọ́sàn-án, ó yẹ ẹ́. Pálọ̀ tí ẹ kì í jókòó sí àyàfi lálẹ́, tí gílóòbù ibẹ̀ sì dára, ògiri kan ṣoṣo tó jinlẹ̀, èyí tí tẹlifíṣọ̀n kọ́ sí, máa ń gbé yàrá náà níyì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn: ewé jinjin, àwọ̀ aró, búráùn obì. Ògiri tí fèrèsé wà lára rẹ̀ ni kí ẹ yẹra fún, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ níta yóò mú kí ó dúdú sí i lójú yín.

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé ọ̀dà dúdú nínú ilé ń mú yàrá gbóná. Ògiri ìta tí oòrùn ń pa àti páànù orí ilé ni ooru ti ń wá. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sí. Ohun tí àwọ̀ inú yàrá ń fi kún ooru kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kò gùn. Funfun ń fi epo ọwọ́ ọmọdé hàn, dúdú ń fi eruku ọyẹ́ àti gbogbo ibi tí àga bá ha hàn. Àwọn àwọ̀ àárín, bí i àwọ̀ iyanrìn, ló ń bo méjèèjì. Ní kíṣìnì, ẹ ra sátìn, ọ̀dà tó ń dán díẹ̀ tó ṣe é fi kànrìnkàn nù, kí ẹ má ra ẹmọ́ṣọ̀n lásán, èyí tí kì í dán.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó, torí ibi tí àwọ̀ dúdú ti ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ nìyí. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tó ga ní 10, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 480, bí mítà onígun mẹ́rin 45. Bí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ pè é ní 40. Lítà kan sábà máa ń kun bí mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan lórí ògiri tó jọ̀lọ̀. Lítà mẹ́rin nìyẹn fún ìkùn kan. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ lórí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, ìkùn méjì ti tó, lítà 8. Àwọ̀ tó jinlẹ̀ máa ń gbà mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, ìyẹn lítà 12 sí 16. Ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide ló ń jẹ́ kí ọ̀dà bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, díẹ̀ ló sì wà nínú ọ̀dà tó jinlẹ̀, torí bó bá pọ̀, àwọ̀ náà yóò mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí pupa fòò fi máa ń rí jágajàga ní ìkùn àkọ́kọ́. Kí akunlé yín kọ́kọ́ fi àwọ̀ eérú kun abẹ́ rẹ̀, yóò dín ìkùn kan kù. Ẹ̀yin ayálégbé tí lándìlọ́ọ̀dù ní kí ẹ dá ilé padà ní funfun, ẹ ṣírò owó ìpadà mọ́ ti àlọ.

Bí ó bá jẹ́ pé síténà, àwọ̀ tó ki tí a ń dà sínú ọ̀dà funfun, ni akunlé fẹ́ fi po àwọ̀ náà nílé yín, kí ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì tọ́jú ìgò kan pamọ́. Àwọ̀ dúdú tí a fi ọwọ́ pò kì í ṣe é pò bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ bá wá fi kẹ̀kẹ́ ha ògiri lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ó rí ojú àtúnṣe náà ketekete. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ ju oje tó ń mú un lẹ̀ mọ́ ògiri lọ. Ẹ fi ìnuwọ́ funfun ra ibi tó ti gbẹ. Bí àwọ̀ bá tẹ̀lé e, aṣọ àlejò yín ni yóò máa nù ún.

Ògiri tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Sìmẹ́ńtì tútù máa ń ba àwọ̀ jẹ́, iyọ̀ funfun sì máa ń ru síta lára rẹ̀. Lórí kírímù ẹ lè má rí i, lórí àwọ̀ aró yóò dà bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Bí ẹ sì fẹ́ ha gílọ́ọ̀sì àtijọ́, ọ̀dà tó ń dán, kúrò, pàápàá èyí tó pupa tàbí tó jọ inú ẹyin, ẹ rin ín kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án, kí àwọn ọmọ sì jáde kúrò nílé. Òjé lè wà nínú rẹ̀, májèlé ni fún ọpọlọ ọmọdé.

Mo padà sọ́dọ̀ mọ́mì Mọ́kọ́lá. Mo gé pákó pẹlẹbẹ mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí méjì, mo kun búlúù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn, ìkùn méjì-méjì, mo gbé wọn ti ògiri náà. Lọ́sàn-án, wọ́n mú èyí tó jinlẹ̀ jù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó di alẹ́. Nígbà tí wọ́n tan gílóòbù wọn, tí iná rẹ̀ pọ́n bí ti àtùpà, èyí tí wọ́n mú lọ́sàn-án ti di èédú. Èyí àárín ló jọ àdìrẹ. Ká ní iná funfun ni wọ́n ń lò, ó lè jẹ́ òmíràn ni wọn ìbá mú. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ orí káàdì kékeré tàbí ti ojú fóònù pinnu. Àwọ̀ máa ń le sí i bó bá gba ògiri kan tán, bí ògiri méjì tó kọjú síra bá sì jẹ́ àwọ̀ kan náà, yóò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó kù wà lọ́kàn mi gan-an, ti àwọn òbí wa tó ti dàgbà ni. Ojú àgbàlagbà kì í gba ìmọ́lẹ̀ bíi ti ọ̀dọ́ mọ́. Nígbà tí mo kun yàrá bàbá mi ní Abẹ́òkúta, mo rò pé oore ni mò ń ṣe: ògiri funfun, ilẹ̀kùn funfun, férémù rẹ̀ funfun, bọ́tìnì iná funfun. Nígbà tí mo padà lọ kí wọn, mo rí ìdọ̀tí ọwọ́ lára ògiri, láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn títí dé ẹnu ọ̀nà, ó wà ní gíga èjìká wọn, ó wá pọ̀ gan-an yí bọ́tìnì iná ká. Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Alaalẹ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ wá iná, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn, torí gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan lójú wọn. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Mi ò fọwọ́ kan ògiri funfun náà, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Férémù ilẹ̀kùn ni mo kùn ní búráùn tó jinlẹ̀, mo ya igun mẹ́rin búráùn kan náà yí bọ́tìnì iná ká, fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan, mo sì kun etí àtẹ̀gùn kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lítà kan kò tán lórí rẹ̀. Mo wá fi funfun bo ojú ọwọ́ wọn lára ògiri. Nígbà tí mo tún lọ lẹ́yìn oṣù méjì, ògiri náà ṣì mọ́.