Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Gbé Àwòrán Ogun Àtijọ́ Kọ́ Nínú Ilé

Nínú iṣẹ́ férémù tí mo ń ṣe ní Àkúrẹ́, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn oníbàárà máa ń béèrè ni àwòrán ogun àtijọ́, irú èyí tí a fín sára bàbà tàbí igi kí a tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Dúdú àti funfun nìkan ni wọ́n, nítorí náà wọn kì í bá àwọ̀ kọ́tìnì tàbí àga jà. Ṣùgbọ́n òkè tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ gbé wọn kọ́ sí, ibẹ̀ kò sì bá wọn mu rárá.

Ẹ wo iṣẹ́ Jacques Callot, ọmọ ilẹ̀ Lorraine tó wà ní Faransé lónìí, tí ó fi àwòrán 18 sọ̀rọ̀ ìyà tí ogun ń kó bá ènìyàn, tí wọ́n sì jáde ní 1633, nígbà tí Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ń jà ní Yúróòpù. Ẹyọ kan kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ ní gíga àti 19 ní fífẹ̀, síbẹ̀ ogunlọ́gọ̀ ló kún inú rẹ̀: sójà, àlùfáà, àti àwọn tí a so rọ̀ sórí igi. Ẹni tó jókòó sórí àga lódìkejì pálọ̀ kò lè rí ìkankan nínú wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá ìkàwé, tàbí ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni mo máa ń yàn, níbi tí ènìyàn ti lè dúró súnmọ́ ọn dáadáa, kí àárín àwòrán sì wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 láti ilẹ̀.

Ìdí mìíràn wà, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù. Ikú ènìyàn ló wà nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Kò yẹ kí a gbé igi tí òkú rọ̀ sí síwájú àlejò tó ń jẹun tàbí àgbà tó wá kí wa. Àwòrán ogun ti Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, tún le ju ti Callot lọ: àwòrán 80 ni wọ́n tẹ̀ jáde ní 1863, ọdún 35 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sì sí ibì kan tí ó ti bo ojú ìkà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ó kọ́ ọ síbi tí a óò ti fínnúfíndọ̀ lọ wò ó.

Àwọn kan ń béèrè ogun tiwa, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè náà, nítorí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń rà. Àwọn àwòrán ogun ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nínú ìwé ìròyìn bíi Illustrated London News, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1842, sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn kò fojú kan ibi ogun. Wọ́n a pín àwòrán ńlá sórí ègé igi mélòó kan fún oníṣẹ́ mélòó kan kí ó lè tètè parí, èyí ló fà á tí ẹ fi lè rí ìlà funfun tín-ín-rín níbi tí ègé ti pàdé ègé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà pa ìlà yẹn rẹ́. Mo máa ń kọ orúkọ ìwé ìròyìn àti ọdún sí abẹ́ àwòrán, kí àwọn ọmọ ilé lè mọ̀ pé ojú àjèjì ló wò wá.

Kò pọn dandan kí ẹ ra ojúlówó. Láti 2017 ni Metropolitan Museum of Art ní New York ti ń jẹ́ kí a gba ọ̀pọ̀ àwòrán àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nínípọn tí kò dán, ẹ má sì fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ìlà rẹ̀ á ṣú.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá bébà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí gíláàsì bá kan bébà ní tààrà, ìgbà òjò kan ṣoṣo tó láti lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí bébà sì bu, nítorí náà páálí tí kò ní aásíìdì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ẹ má lo sẹ́lótéépù lẹ́yìn rẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa di àbàwọ́n. Igi tíìkì ni mo fẹ́ràn jù fún férémù. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà kékeré sí igun ìsàlẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn férémù kí atẹ́gùn lè máa gba àárín òun àti ògiri kọjá, ẹ sì yẹra fún ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù.

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ikán. Bí ẹ bá rí àmì rúsúrúsú kéékèèké lójú bébà, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù, ẹ tẹ́ ẹ sí yàrá gbígbẹ tí oòrùn kò wọ̀, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ nípa bébà kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.