Yaba kọ́ ni Alágómejì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ibùdókọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2024 ni ọkọ̀ Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, lórí ojú irin kan náà tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ìjọba àpapọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ ibùdókọ̀ ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ibi kan ní orúkọ mẹ́ta, orúkọ kan wà ní ibi méjì, tíkẹ́ẹ̀tì sì tún ní èyí tó wù ú.

Mò ń lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n wá wọkọ̀ ní Yaba. Ṣé ibùdókọ̀ Yaba náà ni?

Rárá o. Red Line ló ni ibùdókọ̀ Yaba. Oyíngbò sí Agbádò ni tirẹ̀, kò mọ ọ̀nà Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, ní Alágómejì, ni ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbéra. Àwọn kan ń pè é ní Yaba, àwọn kan ń pè é ní Èbúté Mẹ́tta, torí àárín àwọn méjèèjì ló wà. Alágómejì ni kí ẹ sọ fún awakọ̀. Bí ẹ bá ní "Mobolaji Johnson", ó lè gbé yín lọ sí pápá ìṣeré Oníkàn tàbí òpópónà Aláúsá, nítorí pé orúkọ yẹn wà níbẹ̀ náà.

Ta ló kúkú fi orúkọ èèyàn sọ wọ́n?

Ìjọba Muhammadu Buhari, ní 2020. Àpápá di Bola Tinubu, Agége di Babatunde Fashola, Kájọlà di Yemi Osinbajo, Pápálántò di Funmilayo Ransome-Kuti. Wọ́n fi Omi-Àdìó dá Ladoke Akintola, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́lá. Èyí tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Agbádò, tí wọ́n fi sọrí Lateef Jakande. Jakande ló fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin fún àwọn ará Èkó nígbà tó jẹ́ gómìnà láàárín 1979 sí 1983. Ìjọba ológun ló wọ́gi lé e ní 1985. Olórí ìjọba ológun náà ni Buhari. Ìwọ̀nba tí a lè sọ nìyẹn.

Wọ́n ní kí n bọ́lẹ̀ ní "Wole Soyinka". Níbo nìyẹn?

Tó bá jẹ́ orí tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ ọ́ sí, Abẹ́òkúta ni, ní Laderin. Àmọ́ ní oṣù Keje 2024, nígbà tí Sóyínká pé ẹni 90 ọdún, Ààrẹ Tinubu fi orúkọ rẹ̀ sọ National Theatre ní Ìgànmú. Blue Line, ọkọ̀ ojú irin mìíràn ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ní ibùdókọ̀ lẹ́bàá ilé náà, National Theatre sì ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Torí náà ẹ bi ẹni tó ń júwe fún yín: Ìgànmú ni àbí ilẹ̀ Ẹ̀gbá?

Olódò ni mò ń lọ. Ṣé kí n bọ́ọ́lẹ̀ ní Olódò?

Olódò wo? Ibùdókọ̀ Olódò, tí wọ́n sọ ní Olusegun Osoba, wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá Odẹ́dá, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Olódò tí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ wà lọ́nà Ìwó, ní ìhà kejì ìlú. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ ní láti dé òpin ìrìn àjò, kó tó wá wọ mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Olódò àkọ́kọ́, inú oko lẹ máa bá ara yín, ọkọ̀ tó tún ń bọ̀ kì í ṣe ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kájọlà ńkọ́? Ṣé ti Òkèhò ni?

Rárá. Ti Ògùn ni. Ojú irin kò dé Òkèhò.

Ní Ìbàdàn, ṣé Dùgbẹ̀ la ti ń bọ́lẹ̀?

Dùgbẹ̀ ni ti àtijọ́, láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ojú irin ìgbà náà, tí wọ́n ṣí ní 1901, fẹ̀ ní mílímítà 1,067. Ti ìsinsìnyí fẹ̀ ní 1,435, ọ̀nà tirẹ̀ ló sì gbà dé Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Obafemi Awolowo ni wọ́n pe ibùdókọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé Mọ́níyà, torí Bódìjà ní òpópónà Awólọ́wọ̀ tirẹ̀. Bákan náà ni ní Abẹ́òkúta: Láfẹ́nwá ni ti àtijọ́. Ẹni tó ń lọ sí Apáta lè bọ́ọ́lẹ̀ ní Omi-Àdìó, ó sún mọ́ ọn ju Mọ́níyà lọ. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè ṣá, torí gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló ń dúró níbẹ̀.

Ṣé káàdì Cowry mi lè gbé mi dé Ìbàdàn?

Kò lè gbé yín dé ibẹ̀. Red Line, Blue Line àti BRT ló wà fún. Tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn ẹ̀ ń rà lọ́tọ̀, ní ibùdókọ̀ tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Agége ni mò ń gbé. Kí ló yẹ kí n ṣọ́ra fún?

Ọkọ̀ méjèèjì ló ń dúró ní Agége. Ẹ má ṣe fò wọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi òṣìṣẹ́. Ẹ kúrò nílé ní kùtù, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í dá ọkọ̀ ojú irin dúró, ẹ̀yin ló máa dá dúró. Ìrìn àjò náà tó nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Ẹni tó bá ń gba ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kó ti ṣètò ẹni tó máa gbé e ní Mọ́níyà.

Tí mo bá ti wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tèmi ńkọ́?

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, kẹ́ ẹ gba orí afárá kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má ṣe bọ́ sójú irin láti gé ọ̀nà kúrú. Lórí Blue Line, iná mànàmáná tó ń wa ọkọ̀ kò sí lókè bíi wáyà NEPA. Inú irin kẹta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń gbà, ó sì lè pa ẹni tó bá fara kàn án.