"Disques de travail" kún: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń tún fọ́tò ṣe

Fọ́tò ìgbéyàwó ní Àjàṣẹ́, fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, báńà ìsìnkú ní Ṣábẹ̀ẹ́, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá kí oníbàárà tó rí i. Ìgbà tí iṣẹ́ bá sì pọ̀ ni Photoshop, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, máa ń kọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè jù nìyí. Orúkọ tó wà lójú ẹ̀rọ ní èdè Faransé la lò, torí òun ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ní "les disques de travail sont saturés", ìyẹn ni pé dísìkì iṣẹ́ ti kún. Dísìkì òde tí mo ń kó fọ́tò sí ṣì ní 400 GB tó ṣófo. Kí ló wá kún?

Kì í ṣe ibi tí fọ́tò yín wà ló kún. Ẹ wo aránṣọ: ó ní tábìlì tó ń gé aṣọ lé, ó ní ẹní tó tẹ́ sílẹ̀ fún aṣọ tí tábìlì kò gbà, ó sì ní àpótí tó ń kó aṣọ tó ti parí sí. RAM, ìyẹn ìrántí tí ẹ̀rọ ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ni tábìlì yẹn. "Disque de travail", àyè orí dísìkì tí Photoshop ń yá lò fún ìgbà díẹ̀, ni ẹní. Dísìkì òde yín ni àpótí. Àpótí lè ṣófo gbáú, bí ẹní bá ti kún, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, C: ni Photoshop ń fi ṣe ẹní. C: yìí kan náà ni Windows wà, òun náà ni fídíò WhatsApp àti gbogbo ohun tó wà nínú "Téléchargements" ń wọ́ jọ sí. Ẹ̀rọ àlòkù tí SSD rẹ̀ (dísìkì inú rẹ̀) kò ju 128 GB lọ kì í pẹ́ kún. Ẹ ṣí "Ce PC", kí ẹ wo iye tó ṣẹ́ kù lórí C:. Bí kò bá tó 20 GB, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò tí mo ṣí kò ju 8 MB lọ. Báwo ló ṣe ń jẹ ọ̀pọ̀ GB?

8 MB yẹn jẹ́ bó ṣe wà ní kíká. JPEG ń ká fọ́tò pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ká aṣọ sínú àpò. Photoshop gbọ́dọ̀ tú u kó tó lè fọwọ́ kàn án. Kámẹ́rà tó ń ya 6000 × 4000 ń fún yín ní mílíọ̀nù 24 píksẹ́lì, àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 3, ó di mílíọ̀nù 72 báìtì, ìyẹn 68,7 MB. Bí ẹ bá gbé e sí 16 bits, ó di ìlọ́po méjì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ Ctrl+J láti ṣe ẹ̀dà fọ́tò odidi, 68,7 MB mìíràn tún gorí rẹ̀. "Historique" náà ń pa ìgbésẹ̀ 50 mọ́ kí ẹ lè padà sẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ tó kan ojú kan péré kì í wúwo, ṣùgbọ́n èyí tó kan fọ́tò látòkè délẹ̀, bíi "Flou gaussien" tó ń mú fọ́tò rí bàìbàì, wúwo gan-an.

Nítorí náà, bí ojú ìyàwó nìkan lẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ yan ojú náà, kí ẹ tó tẹ Ctrl+J. Bí àwọ̀ lẹ fẹ́ yí, "calque de réglage" (ìpele tó ń yí àwọ̀ láì fọwọ́ kan fọ́tò fúnra rẹ̀) ni kí ẹ lò; kò wúwo rárá. Bí ẹ bá dín "Historique" kù sí 20 nínú "Edition", "Préférences", "Performances", ẹ máa rí i pé ara á tu ẹ̀rọ.

Mo kàn fẹ́ gé fọ́tò kan kéré fún Instagram ni, ó tún ní dísìkì kún!

Èyí ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ wo àpótí kéékèèké tó wà lókè ojú ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá mú "Recadrage". Bí ó bá jẹ́ pé fọ́tò ìdánimọ̀ lẹ gé lánàá, 3,5 cm × 4,5 cm ní 300 píksẹ́lì fún ínǹṣì kan, "cm" ṣì wà níbẹ̀. Lónìí ẹ wá tẹ 1080 sí méjèèjì, píksẹ́lì ló wà lọ́kàn yín, ṣùgbọ́n mítà 10 àti 80 cm ni ẹ̀rọ gbọ́. Ní 300 píksẹ́lì fún ínǹṣì kan, ìyẹn jẹ́ 127 559 píksẹ́lì ní ìbú àti ní gíga. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní bílíọ́nù 16 píksẹ́lì, nǹkan bí 45 GB fún fọ́tò kan ṣoṣo! Kò sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ gbé ìyẹn.

Ẹ tẹ "Effacer" lókè níbẹ̀ kí àwọn nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ tán pátápátá: "1080 px", kì í ṣe "1080" lásán. Ẹ tún wo ibi ìpéye: "px/cm" àti "px/po" (píksẹ́lì fún ínǹṣì) kì í ṣe ọ̀kan náà. 300 px/cm ń mú kí fáìlì wúwo ju 300 px/po lọ ní ìlọ́po mẹ́fà àti ààbọ̀.

Báńà ń kó sínú irú ọ̀fìn yìí. Mítà 3 × mítà 2 ní 300, ní CMJN (àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò), jẹ́ nǹkan bí 3,1 GB kí ẹ tó fi ìpele kankan lé e. Ìbú rẹ̀ ti kọjá 30 000 píksẹ́lì tí PSD, irú fáìlì Photoshop tó wọ́pọ̀, lè gbà, PSB tàbí TIFF ló máa gbà á. Ní 100, kò ju 355 MB lọ. Báńà tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí èèyàn ń wò látòkèèrè, 100 tó o.

Mo pa 30 GB rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, C: tún kún, n kò sì fi nǹkan kan sí i.

Ẹ bi iná léèrè. Nígbà tí Photoshop bá ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Photoshop Temp". Bí ẹ bá tì í bó ṣe yẹ, òun fúnra rẹ̀ á pa á rẹ́. Bí iná bá lọ lójijì, kò ráyè palẹ̀ mọ́: fáìlì náà á jókòó síbẹ̀, tuntun á tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 12 GB, iná tó lọ lẹ́ẹ̀mẹta ti jẹ 36 GB.

Ẹ ti Photoshop pátá. Ẹ tẹ Ctrl+Maj+Échap, kí ẹ rí i dájú pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú "Gestionnaire des tâches" mọ́. Ẹ wá tẹ Windows+R, ẹ kọ %temp%, ẹ tẹ OK. Ẹ yan "Détails", ẹ tẹ orí "Taille" kí èyí tó tóbi jù bọ́ sókè. Àwọn "Photoshop Temp" tó wà níbẹ̀, Maj+Suppr ni kí ẹ fi pa wọ́n rẹ́, torí pé Suppr lásán ń gbé e lọ sí "Corbeille", àyè kò sì ní ṣí. Bí Windows bá ní fáìlì kan ṣì wà ní lílò, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹní yín bá wà lórí D: (dísìkì tàbí ìpín kejì), ojú D: gan-an ni kí ẹ ti wá a.

Onduleur, àpótí oní-bátìrì tó ń fún ẹ̀rọ níná bí iná bá lọ, tó lè gbé ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré ti tó láti fi iṣẹ́ pa mọ́, kí ẹ sì ti Photoshop. Èmi gbà pé ó yẹ kí ó ṣáájú RAM tuntun nínú ohun tí ṣọ́ọ̀bù máa rà.

Báwo ni mo ṣe lè gbé ẹní kúrò lórí C:?

Nínú "Préférences", "Disques de travail", ẹ fi àmì sí D:, ẹ fi ọfà gbé e sókè pátápátá, ẹ ti Photoshop, ẹ tún ṣí i. Bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ ṣí, ẹ di Ctrl àti Alt mú bó ṣe ń gbéra. Àpótí tí ẹ ti máa yan dísìkì á jáde. D: tó jẹ́ ìpín ara dísìkì kan náà pẹ̀lú C: ń fún yín ní àyè, kò fún yín ní eré. SSD òde lórí USB 3 dára, bí ẹnikẹ́ni kò bá ní yọ ọ́ lójijì. Ẹ má fi clé USB ṣe é.

Ó ní RAM ni kò tó. Ṣé kí n ra òmíràn?

Ẹ má tíì ra. Ní ìsàlẹ̀ ojú fọ́tò ọfà kékeré kan wà; ẹ yan "Efficacité" níbẹ̀. Bí ó bá ń dúró ní 100 % bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, tábìlì tó. Bí ó bá ń já sí 60 %, orí ẹní lẹ wà, RAM á wúlò. Photoshop òde òní ń béèrè 8 GB ó kéré tán, 16 GB ló rọrùn. Ẹ kọ́kọ́ ti Chrome ná. Nínú "Performances", 70 % ni Photoshop ń mú nínú RAM. Ẹ lè fi 5 kún un díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá 85, Windows fúnra rẹ̀ ò ní rí ibi dúró sí, gbogbo nǹkan á sì máa fà. Photoshop àtijọ́ tó jẹ́ 32 bits kò lè lò ju 4 GB lọ, bí ẹ tilẹ̀ ra 32.

GIMP ni mo ń lò ní tèmi láti tún fọ́tò ṣe, kì í ṣe Photoshop.

Nínú "Préférences", "Ressources système", ẹ fi "Taille du cache de tuiles" sí nǹkan bí ìdajì RAM yín. Ibi tó ń fi ṣe ẹní wà nínú "Dossiers".

Clé USB oníbàárà ṣófo, 64 GB ni, síbẹ̀ fáìlì 5 GB kò wọ̀ ọ́.

FAT32, ọ̀nà ìtò fáìlì àtijọ́, ni wọ́n fi tò ó, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB. Bí nǹkan kan bá wà lórí rẹ̀, ẹ kó o sí ibòmíràn kí ẹ má bàa pàdánù rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, ẹ yan "Formater", kí ẹ sì mú exFAT.